Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ń Bàjẹ́, Wọ́n Ní Ó Ń Pọ́n: Ilé Bíríkì Tí A Kọ́ Fún Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Wẹ́wẹ́ Ní Ògbómọ̀ṣọ́

Iṣẹ́ àtúnṣe fíríìjì ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ní ìhà ọjà Wàzó. Láti ọ̀nà Ifẹ̀ àti Oǹdó ni ọjà wọn ti ń wá, nínú ọkọ̀ tí wọ́n to ìdì lé ìdì títí ó fi kan òkè. Kó tó gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa, oòrùn ti pa á, èyí tó wà nísàlẹ̀ ti fara gbọgbẹ́, ìwọ̀nba tó ti ń pọ́n lójú ọ̀nà sì ti ń ran àwọn tó kù. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ohun tí wọ́n bá já lọ́jọ́ ọjà gbọ́dọ̀ tán kó tó di ọjọ́ kẹta. Bí kò bá tán, ìdajì owó ni wọn yóò tà á, ìyókù á di ti ẹni tó ń sin ewúrẹ́. Wọn a jókòó ti ọjà náà, wọn a ní, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, wọ́n ní ó ń pọ́n."

Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí a ṣe sí i nìyí: ohun tí a kọ́kọ́ dán wò tí kò ṣiṣẹ́, ilé bíríkì tí a wá kọ́, iye tó ná wa, ibi tó ti fẹ́ bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, àti bí a ṣe ń lò ó báyìí. Iye owó inú rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà tí a ra ohun èlò; ẹ béèrè tuntun kí ẹ tó gbéra.

1. Fíríìjì

Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n bá àwọn wá fíríìjì àlòkù. "Ìwọ tí ò ń tún ti gbogbo ìlú ṣe, ṣé tèmi ló máa wá ṣòro?" Mi ò rí èsì fún ìyẹn. Mo fa ọ̀kan tí oníbàárà kan ti pa tì sí ṣọ́ọ̀bù mi jáde, mo pààrọ̀ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀, mo fi gáàsì tuntun sí i, mo gbé e lọ fún wọn. Iná dúró dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Ìyẹn gan-an ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Inú fíríìjì náà tutù dé 6°C. Nígbà tí a ṣí i, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wọlé ní àwọ̀ ewé ti di àwọ̀ eérú, àwọn kan ti ń dúdú láti ìdí. A kó wọn síta bóyá wọ́n máa pọ́n. Wọn kò pọ́n. Inú wọn le bí iṣu tí kò jinná, kò ládùn, kò sì ṣeé sè.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kì í gba òtútù tó bá lọ sísàlẹ̀ 13°C. Àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń kó o láti Ecuador lọ sí Yúróòpù, 13°C sí 14°C ni wọ́n máa ń tọ́jú rẹ̀ sí, kí ó lè dé láìpọ́n, kí èèpo rẹ̀ má sì dúdú. Fíríìjì ilé ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bíi 4°C. Kò sóhun tó ṣe fíríìjì náà. Ọjà tí a kó sínú rẹ̀ ni kì í ṣe tirẹ̀.

Èyí tó ti pọ́n tán yàtọ̀. Bí ẹ bá fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n ròrò sínú fíríìjì nílé, èèpo rẹ̀ á dúdú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á ṣì dára fún ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ẹ bó o, ẹ jẹ ẹ́. Kò kàn ṣeé tà ni, torí ojú ni oníbàárà fi ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀.

2. Ìkòkò nínú ìkòkò

Ohun tó tún wá sí wa lọ́kàn ni ìkòkò inú ìkòkò tí Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, gbé jáde ní 1995, tó sì gba ẹ̀bùn Rolex lé lórí ní 2000. Ìkòkò amọ̀ kékeré máa ń wà nínú ńlá, iyanrìn tí a fi omi rin á wà láàárín wọn, aṣọ tútù á bo ẹnu rẹ̀. Bí omi ṣe ń gbẹ kúrò lára ìkòkò òde ni inú á máa tutù. Kò lo iná rárá.

A rà ìkòkò méjì wá láti Ìlọrin, a dán an wò. Fún tòmátì àti ata, mi ò tíì rí ohun tó dà bí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣírí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìyẹn ìpín kan lára ìdì, tẹ̀ kọ́rọ́, ikùn ìkòkò sì rí róbótó. Ṣírí méjì ló gbà, bí ẹ bá fi ipá ti ẹ̀kẹta wọlé, ara wọn á bó. Ẹni tó ń já odidi ìdì kò lè máa to ìkòkò kálẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dá ilé aró sílẹ̀.

Ìlànà náà ló wúlò fún wa. Wọ́n ti sọ ọ́ di ilé ní ibòmíràn: ní Íńdíà, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní New Delhi kọ́ ọ ní bíríkì, ògiri méjì pẹ̀lú iyanrìn láàárín, fún àwọn àgbẹ̀ tí kò ní iná. NSPRI, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwádìí lórí ìpamọ́ ohun ọ̀gbìn, tí orílé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìlọrin níbí, náà ti ń kọ́ irú rẹ̀ fún àwọn tó ń ta èso àti ẹ̀fọ́. A kò ní láti dá ọgbọ́n tuntun. A kàn ní láti ṣe é kó bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ mu.

3. Ohun tí a rà

- Bíríkì amọ̀ sísun, àlòkù láti ilé àtijọ́ tí wọ́n wó, 400 ní ₦100 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦40,000
- Iyanrìn odò, bárò 4: ₦6,000
- Sìmẹ́ǹtì, àpò 1: ₦9,800
- Ọparun, ìṣó, okùn: ₦5,500
- Àpò ìdọ̀họ 4: ₦2,400
- Dúrọ́ọ̀mù lítà 60, rọ́bà omi àti ẹnu ẹ̀rọ kékeré: ₦9,000
- Owó iṣẹ́ bíríkìlà àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀: ₦18,000
- Owó àtúnṣe, tí ẹ máa rí ìdí rẹ̀ níwájú: ₦5,000

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦95,700. Páànù tó bo orí ilé náà jẹ́ àlòkù tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ooru àti ọ̀rinrin jẹ́ tèmi, ara irinṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni.

Ọ̀rọ̀ bíríkì yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì rọrùn láti rí, ṣùgbọ́n bíríkì amọ̀ máa ń mu omi jù ú lọ, omi tó bá mu ló sì máa ń gbẹ síta tí inú fi ń tutù. Kí ẹ tó sanwó, ẹ da omi díẹ̀ lé bíríkì kan lórí. Bí ó bá fà á mu lójú ẹsẹ̀, ẹ rà á. Bí omi bá ń yọ̀ kúrò lórí rẹ̀, iná ti jó o jù. Kò wúlò fún iṣẹ́ yìí.

4. Kíkọ́ rẹ̀

Ibi tí ẹ máa kọ́ ọ sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. A fi tiwa sábẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí atẹ́gùn ti ń gba àárín ilé méjì kọjá. Òjìji nìkan kò tó. Ibi tí ògiri ti dí atẹ́gùn mọ́, omi kò ní tètè gbẹ, ilé kò sì ní tutù.

4.1. Ilẹ̀. A tẹ́jú ilẹ̀ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 175 ní gígùn, 115 ní ìbú, a da iyanrìn lé e, a sì to bíríkì sí i ní ìdùbúlẹ̀. A jẹ́ kí ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, kí omi tó bá kán lè máa ṣàn jáde. Bíi 80 bíríkì ló lọ síbẹ̀.

4.2. Ògiri inú. Inú ilé náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120 ní gígùn, 60 ní ìbú, 60 ní gíga. Amọ̀ pípò ni a fi mọ ọ́n, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan ni a fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ dè.

4.3. Ògiri òde. A fi àlàfo ínǹṣì 3 sílẹ̀ láàárín òun àti ti inú, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 7.5. Kí àlàfo náà má bàa fẹ̀ níhìn-ín kó sì fún lọ́hùn-ún, a gé pákó ínǹṣì 3, a ń fà á lọ láàárín ògiri méjèèjì bí a ṣe ń mọ ọ́n. Ọmọ iṣẹ́ ló dá àbá yẹn.

4.4. Iyanrìn. A fi asẹ́ yọ òkúta kúrò nínú rẹ̀, a fi omi ṣàn án títí omi fi mọ́. Iyanrìn tí amọ̀ bá pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń dì, omi kì í rí ọ̀nà gbà. Díẹ̀díẹ̀ ni a dà á sínú àlàfo, a ń fi omi rin ín bí ó ṣe ń ga.

4.5. Àkéte ọparun. Méjì ni. Ti ìsàlẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 10 ga kúrò nílẹ̀, èkejì wà ní sẹ̀ǹtímítà 35. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Ó ń gba bí ìdì mẹ́rin, tí a bá ti gé e sí ṣírí.

4.6. Ìdérí. Ọparun tí a so pọ̀, tí a fi àpò ìdọ̀họ ìlọ́po méjì rán mọ́.

4.7. Omi. Dúrọ́ọ̀mù wà lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, rọ́bà omi tinrin sì yí gbogbo orí iyanrìn ká, bíi mítà 4.7. A ń lu ihò sí i ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí ara wọn. Ìṣó gbígbóná ni a kọ́kọ́ fi lu ú, ihò sì tóbi jù: gbogbo omi ń dà jáde nítòsí dúrọ́ọ̀mù, iyanrìn tó wà lódì kejì sì gbẹ. A pààrọ̀ rọ́bà náà, a fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ lu ihò tuntun, a sì fi igi dí ìparí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ó rìn káàkiri.

5. Rírẹ́ tó ba iṣẹ́ jẹ́

Bíríkìlà wa mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ló kó wa sí wàhálà. Ojú rẹ̀ kò gba ògiri tí a kò rẹ́. Kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ti fi sìmẹ́ǹtì tó ṣẹ́kù rẹ́ gbogbo ara ògiri òde, ó yọ̀ mọ̀ràn, ó sì tún fi ìka fa ìlà ọ̀ṣọ́ sí igun rẹ̀. Ó dára wò. Mi ò tètè mọ ohun tó ṣe.

A da omi sí i, a dúró kí ó mu omi yó, a gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sínú rẹ̀. Ní ọ̀sán tí ìta wà ní 34°C, inú wà ní 30°C. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, wọ́n ní, "Ṣé nítorí èyí la ṣe ná gbogbo owó yẹn?" Iyanrìn tutù, ilẹ̀ tutù, ògiri òde sì gbẹ táútáú. Omi wà níbẹ̀, kò rí ọ̀nà jáde. Ohun tí kò bá gbẹ kúrò, kò lè mú nǹkan tutù.

Mo pe bíríkìlà padà. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, a máa ha á kúrò." Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ bi mí bóyá mo ti jẹun. Nígbà tí mo fi ọwọ́ rẹ̀ kan ògiri inú tó ń rin, tí mo sì fi kan ti òde, ó yé e. Òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù ha á kúrò díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fi búrọ́ọ̀ṣì irin fọ ojú bíríkì. Bíríkì mẹ́jọ fọ́, a pààrọ̀ wọn. ₦5,000 tó wà lókè yẹn nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ara ògiri òde ti rin, ẹ̀rọ sì ka 24°C ní ọ̀sán tí ìta wà ní 34°C.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ yìí fún bíríkìlà, ẹ sọ fún un kí ó tó gbé trowel pé a kì í rẹ́ ẹ. Ẹ tún un sọ ní ìrọ̀lẹ́.

6. Ohun tí ẹ̀rọ kà

Nígbà ọyẹ́, ní ọ̀sán: ìta 34°C, ọ̀rinrin 28%, inú 24°C, ọ̀rinrin 88%. Ní òru, inú máa ń lọ sí 19°C. Kò tíì kan 13°C rí, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju fíríìjì lọ: kò lágbára láti pa ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Nígbà òjò, ní ọ̀sán: ìta 29°C, ọ̀rinrin 82%, inú 27°C. Ìyàtọ̀ méjì péré. Kò bàjẹ́ o. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kún fún omi tẹ́lẹ̀, omi ara ògiri kò ní ibi tí yóò lọ. Nígbà tí ìta bá jẹ́ 34°C, tí ọ̀rinrin sì jẹ́ 30%, kò sí bí ẹ ṣe lè ṣe é tí irú ilé yìí máa tutù ju nǹkan bíi 21°C lọ. Ní 30°C pẹ̀lú ọ̀rinrin 80%, 27°C ni òpin rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá wà ní Èkó tàbí Badagry, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ, kí ó ro iye tó fẹ́ ná dáadáa kí ó tó kọ́ ọ. Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìṣẹ́yìn àti Ìlọrin ni ó ti ń pa owó rẹ̀ wọlé.

Omi tó ń mu: nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ní àárọ̀, òmíràn ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà òjò, kò tó ìdajì ìyẹn.

A tún gbé e lé òṣùwọ̀n. Kílò 10 ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n wà ní ìsọ̀, kílò 10 wà nínú ilé bíríkì, nígbà ọyẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ti ìsọ̀ ti pàdánù kílò kan ó lé díẹ̀, omi ara rẹ̀ ló gbẹ lọ, èèpo rẹ̀ sì ti hunjọ. Ti inú ilé pàdánù bíi gíráàmù 300. Ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní kílò fún ilé oúnjẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àwọ̀ rẹ̀ náà: ti ìsọ̀ ti rọ̀, ti inú ilé ṣì wà ní àwọ̀ ewé, ó sì lo ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

7. Bí a ṣe ń kó o wọlé

Ilé kì í wo ọgbẹ́ sàn. Ohun tó bá ti fara gbọgbẹ́ kí ó tó wọlé, inú rẹ̀ ni yóò ti rà. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣe apá yìí, ọwọ́ wọn sì yá ju tèmi lọ. Wọn a gbé ìdì kọ́ sórí okùn, wọn a fi ọ̀bẹ mímú gé ṣírí kọ̀ọ̀kan, wọn a fi díẹ̀ lára igi ìdì sílẹ̀ níbi tí wọ́n gé, kí ìka, ìyẹn ẹyọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọ̀ọ̀kan, má bàa já. Oje funfun á máa kán. Wọn a da ojú rẹ̀ dé lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí oje náà ṣàn kúrò, torí bí ó bá dà sára èèpo, ó máa ń di àbàwọ́n dúdú tí kì í fọ̀ kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn, omi mímọ́, kí ó sì gbẹ nínú òjìji kó tó wọlé. Ọ̀bẹ náà, a máa ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ láàárín ìdì kan sí èkejì.

Ìgbà kan wà tí ojú ibi tí a gé ṣírí bẹ̀rẹ̀ sí í bu, funfun, lẹ́yìn náà dúdú, ó sì ń wọ inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ. A rò pé omi tí a fi fọ̀ ọ́ ló fà á. Mo tanná sínú ilé lálẹ́, mo sì rí i: àpò ìdọ̀họ orí ìdérí tí a máa ń fi omi rin ń kán sílẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ, ó sì ń bọ́ sójú gígé gan-an. A jẹ́ kí ìdérí dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ń fún àpò náà kí a tó tẹ́ ẹ, a sì ń to ṣírí kí ojú gígé kọjú sí ẹ̀gbẹ́. Iyanrìn ni kí ẹ fún lómi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò fẹ́ omi lára.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ ni pé tó pọ́n kì í wọ ibi tí kò pọ́n wà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n ń mí gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní ethylene, gáàsì yẹn ló ń pàṣẹ fún àwọn tó kù kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹyọ kan péré nínú ilé tí a dé ní ìdérí lè yí gbogbo rẹ̀ padà. Ní òwúrọ̀, ẹ̀gbọ́n mi a ṣí i, wọn a fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ṣírí kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti gba ọwọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń yọ, kódà bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá tíì yí. Èmi fi ẹ̀rọ wọn ọ̀rinrin. Àtàǹpàkò wọn kì í ṣìnà.

8. Pípọ́n, àti fíríìjì tó padà wúlò

Ìpamọ́ nìkan kọ́ ni iṣẹ́. Ọjọ́ tí ọjà bá fẹ́, ó gbọ́dọ̀ pọ́n, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́lẹ̀, inú àpò ni ẹ̀gbọ́n mi ń bò ó sí nínú yàrá tó gbóná. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí ooru bá pọ̀ jù, inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ á rọ̀, èèpo á ṣì wà ní àwọ̀ ewé. Irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígùn tó gbajúmọ̀ lọ́jà, bí ooru bá ti ń kọjá 24°C, àwọ̀ ewé kì í fẹ́ kúrò lára èèpo rẹ̀ dáadáa. Oníbàárà á ní kò tíì pọ́n, ẹ̀yin á ní ó ti pọ́n, ìjà á dé.

Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń wọ ọ̀nà kábáìdì, òkúta tí àwọn wẹ́dà ń fi ṣe gáàsì. Bí ó bá kan omi, ó máa ń mú gáàsì acetylene jáde, tí ń ṣe bíi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ fúnra rẹ̀, èèpo á sì yí. Ṣùgbọ́n kábáìdì ọjà ní èròjà arsenic àti phosphorus díẹ̀ nínú, májèlé ni wọ́n. NAFDAC ti kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú léraléra lórí rẹ̀. Mi ò rí ìdí tí ẹni tó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n mẹ́ta nílé fi máa ra májèlé láti ṣe iṣẹ́ tí mẹ́ta yẹn lè ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Fíríìjì tó ba ọjà wa jẹ́ ni a wá sọ di àpótí pípọ́n. Mo yọ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀, mo tà á. Owó náà ni mo fi san dúrọ́ọ̀mù. Ara rẹ̀ nìkan ni a nílò, torí ilẹ̀kùn rẹ̀ dé dáadáa, gáàsì kì í sá lọ. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí:

a. Ṣírí tó gbó, tí kò tíì pọ́n, tí a yọ láti inú ilé bíríkì, ni a ń tò sínú rẹ̀ láì há a mọ́ra.

b. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tàbí ìbẹ́pẹ tó pọ́n kan, máa wà lókè.

d. Ìgò omi dídì méjì máa wà nísàlẹ̀, torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n ń mú ooru jáde fúnra rẹ̀. A fẹ́ kí inú wà láàárín 18°C sí 22°C. Tí ìgò bá ti yọ́, a pààrọ̀ rẹ̀.

e. Ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, a ṣí ilẹ̀kùn, a fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Gáàsì tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń mí síta bíi tiwa máa ń kún inú rẹ̀, bí ó bá sì pọ̀ jù, pípọ́n á dúró. A kò mọ èyí níbẹ̀rẹ̀. A dé e pa, a sì ń dúró lásán.

ẹ. Bí àwọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, a kó wọn jáde. Wọ́n á parí rẹ̀ lórí àtẹ.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó jáde níbẹ̀, èèpo rẹ̀ máa ń pọ́n ròrò, ọrùn rẹ̀ á sì lágbára. Tẹ́lẹ̀, ìka ń já kúrò lára ṣírí bí oníbàárà bá ti gbé e.

9. Oríṣi mẹ́ta: ta ló ń ra èwo

Nítorí pé a lè dá a dúró níbi tó bá wù wá, ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní oríṣi mẹ́ta, ìbéèrè àwọn oníbàárà sì yí padà. Wọn ò béèrè iye mọ́; ohun tó ń ṣe lára ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n rán mi ní kí n lọ wádìí. Ohun tí mo bá wá nìyí, bí mo ṣe sọ ọ́ fún wọn.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó tóbi níwọ̀n, láìsí èèpo, jẹ́ bíi gíráàmù 118. Agbára inú rẹ̀ jẹ́ bíi kálórì 105, fáíbà gíráàmù 3, fítámì B6 tó tó bí ìdá mẹ́ta ohun tí àgbàlagbà nílò lójúmọ́, àti pọtásíọ̀mù bíi mílígíráàmù 420. Pọtásíọ̀mù yìí ni wọ́n fi ń sọ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dára fún ẹ̀jẹ̀ ríru, òótọ́ sì ni pé ó ń bá ara lé iyọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí àgbàlagbà máa rí ó kéré tán mílígíráàmù 3,510 lójúmọ́. Ẹ pín in: ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan kò tó ìdá mẹ́jọ rẹ̀. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ní láti bá a ṣe é, iyọ̀ sì ní láti dínkù nínú ọbẹ̀. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pa oògùn tì. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ kó tó máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, torí ara irú wọn kì í lè lé pọtásíọ̀mù jáde bó ṣe yẹ; àwọn kan lára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sì tún máa ń mú un pọ̀ sí i.

Èyí tí kò pọ́n: bí ìdá kan nínú márùn-ún inú rẹ̀ ni ó jẹ́ sítáàṣì, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í dà nínú ìfun kékeré, ó ń lọ bọ́ àwọn kòkòrò rere inú ìfun ńlá. Sísè ni a ń sè é. Ní Bangladesh, àwọn oníṣègùn ti fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àìpọ́n tí a sè kún oúnjẹ àwọn ọmọdé tí ìgbẹ́ gbuuru wọn kò dúró, ó sì ṣèrànwọ́. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ORS, ṣì ni kí ìyá kọ́kọ́ gbé.

Èyí tó pọ́n, tí orí rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé díẹ̀: àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ló ń béèrè èyí jù. Ṣúgà inú rẹ̀ kò tíì pọ̀ tó ti èyí tó pọ́n jù. Ẹyọ kan, pẹ̀lú ẹ̀pà. Ọ̀rá àti purotéènì inú ẹ̀pà ń jẹ́ kí ṣúgà wọ inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹlẹ́pà inú ìgò tó jókòó ti ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti ń jẹ èrè ọ̀rọ̀ yìí. Kò tíì fún mi ní nǹkan kan.

Èyí tó ti ní àmì dúdú wẹ́wẹ́ lára: sítáàṣì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ṣúgà ló kù. Àwọn ọmọ ilé ìwé, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn arúgbó tí eyín wọn kò lágbára. Èyí tó bá ti kọjá ìyẹn, a máa ń fọ́ ọ mọ́ ìyẹ̀fun, a sì ń fi ṣe mósà fún àwọn ọmọ ilé. Ewúrẹ́ kò rí púpọ̀ jẹ mọ́.

10. Ohun tó ṣẹ́kù láti tún ṣe

Ihò abẹ́rẹ́ inú rọ́bà máa ń dí, torí omi kànga wa ní ìdọ̀tí. Mo ti fi aṣọ tinrin sí ẹnu dúrọ́ọ̀mù, ó dínkù, kò tán. Eèrà pupa gba ọ̀nà ẹsẹ̀ àkéte ọparun wọlé; a fi eérú yí ìdí rẹ̀ ká, a ń tún un dà nígbà tí omi bá ti rin ín. Amọ̀ tí a fi mọ ògiri ń jẹ ní ẹ̀gbẹ́ tí òjò ń fẹ́ sí, nítorí náà páànù orí ní láti gùn sí i ní bíi sẹ̀ǹtímítà 40 ní apá ibẹ̀ kí òjò tó ń bọ̀ tó dé.

Ìyàwó bíríkìlà ń ta tòmátì, ó sì ti ní kí ọkọ òun kọ́ irú rẹ̀ fún òun. Mo ti sọ fún un pé kí ó má fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n sínú rẹ̀ pẹ̀lú tòmátì, torí gáàsì kan náà ni tòmátì ń gbọ́ràn sí. Ó sì ti ní òun kò ní rẹ́ ẹ.